Bọ́ọ̀lù Orí Ìwé: Láti Ayé Púùlù dé Ayé Fáńtásì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan rèé o. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ènìyàn ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ láì ní pápá, láì ní bọ́ọ̀lù, láì san kọ́bọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù kankan, kí ó sì fi ẹgbẹ́ náà gba ipò kìíní? Bí ẹ bá bi àwọn àgbàlagbà, wọn á ní àlá ni ẹ ń lá. Ṣùgbọ́n ẹ dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ṣakí lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tó kún ibẹ̀. Ẹ̀rín ni wọn á fi yín rín. Wọn á yọ fóònù lápò, wọn á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹgbẹ́ tèmi rèé, ẹ wò ó."

Fáńtásì ni wọ́n ń pe eré náà. Agbábọ́ọ̀lù 15 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣà jọ nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù gidi ní Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn yẹn bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́hùn-ún, ẹni tó ṣà wọ́n á gba máàkì níhìn-ín. Bí wọ́n bá gba káàdì pupa lọ́hùn-ún, ẹni tó ṣà wọ́n á ká ọwọ́ lérí níhìn-ín. Láti oṣù Ògọ́ọ̀sì títí di oṣù Méè ni wọ́n fi ń ka máàkì ọ̀hún, ẹni tó bá ní èyí tó pọ̀ jù lọ níparí ọdún ló gba ife.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé fóònù ló bí eré yìí, pé ọmọ àná ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa ní Òkè-Ògùn ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí ìwé kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Púùlù ni tiwọn ń jẹ́. Ìtàn púùlù àti ìtàn Fáńtásì ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí ohun kan wà nínú méjèèjì tó kan àwa fúnra wa, tí a kò sì kọbi ara sí i.

ÀWỌN Ọ̀RẸ́ MẸ́TA NÍ MANCHESTER

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púùlù ti wá. Ní 1923, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan wà ní Manchester tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wáyà: John Moores, Colin Askham àti Bill Hughes. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú 50 pọ́n-ùn sílẹ̀. Wọ́n tẹ kúpọ́ọ̀nù 4,000, wọ́n kó o fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n lọ pín in lẹ́nu ọ̀nà pápá Old Trafford. Kí òǹwòran sọ bí àwọn ìdíje ọ̀sẹ̀ náà yóò ṣe parí, kí ó fi owó díẹ̀ tì í, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó owó lọ: kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ.

Nínú kúpọ́ọ̀nù 4,000 yẹn, 35 péré ló padà wá. Gbogbo owó tó bá a wá jẹ́ pọ́n-ùn 4, ṣílè 7 àti sísì kan. Nígbà tó yá, wọ́n tún kó 10,000 lọ sí ìlú Hull. Mélòó ló padà? Ẹyọ kan ṣoṣo! Ni Askham àti Hughes bá ní àwọn kò ṣe mọ́. Moores san 200 pọ́n-ùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó ra ìpín wọn, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Wọn kò fi orúkọ ara wọn sí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ń bẹ̀rù kí ọ̀gá wọn má baà lé wọn. Orúkọ ìdílé tí wọ́n fi bí Askham, kí ẹlòmíràn tó gbà á tọ́, ni wọ́n mú: Littlewood. Bí ilé-iṣẹ́ Littlewoods ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ Moores di olówó ńlá. Nígbà tó di 1960, òun ni alága ẹgbẹ́ Everton.

Ní 1946 ni wọ́n gbé irú kúpọ́ọ̀nù tuntun kan jáde, èyí tó jẹ́ pé ọ̀mì ni ẹni tó ń ta á ń wá kiri, ìyẹn ìdíje tí ẹnì kankan kò ti borí. Ẹ wo nǹkan! Lórí pápá, ẹni tó borí ni wọ́n ń yìn. Lórí kúpọ́ọ̀nù, ibi tí ẹnì kankan kò ti borí ni owó wà. Ní 1949, wọ́n tún fi àwọn ìdíje ilẹ̀ Australia kún un, kí òwò má baà dúró nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ń sinmi. Púùlù kò wá ní ìsinmi mọ́, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn.

PÚÙLÙ DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ẹni tí a kò lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ púùlù ni Olóyè Kessington Adébùtù, ọmọ Ìpẹ̀rù ní Rẹ́mọ, tí wọ́n wọ iṣẹ́ náà ní 1963. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá púùlù láyé á mọ orúkọ ìnagijẹ wọn, Bàbá Ìjẹ̀bú, èyí tí gbogbo ayé fi ń pe Premier Lotto tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001.

Mo dàgbà bá púùlù ní Ìṣẹ́yìn ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ilé púùlù fún ẹni tí kò rí i rí. Yàrá kan ni, tó kọjú sí títì, tí bẹ́ǹṣì gígùn méjì wà nínú rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri láti òkè délẹ̀. Pátákó dúdú kan wà tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí. Àwọn ahunṣọ, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin tábà fún ilé-iṣẹ́ Nigerian Tobacco Company, àwọn awakọ̀, àwọn tíṣà, gbogbo wọn ló ń pàdé níbẹ̀. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 1 dé 49. Ẹni tó bá fẹ́ ta á mú nọ́ńbà tó rò pé yóò jẹ́ ọ̀mì, èyí tí wọ́n ń pè ní dírọ́ọ̀. Nọ́ńbà tó dá a lójú jù lọ ni bánkà. Bí ó bá pa nọ́ńbà pọ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà kí ọ̀kan má baà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pááàmù nìyẹn.

Bàbá mi kékeré, àbúrò bàbá tó bí mi lọ́mọ, ahunṣọ ni wọ́n. Wọ́n lè hun ẹtù àti sányán kí ojú má lè rí ìdí okùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di Ọjọ́bọ̀, òfì á dákẹ́. Wọ́n á yọ ìwé ìkọ̀wé kan tó ti gbó jáde, nínú èyí tí wọ́n kọ èsì ọdún púpọ̀ sí, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Wọ́n á máa wá àmì. Bí nọ́ńbà 12 bá jẹ́ ọ̀mì ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lọ́dún tó kọjá, kí ni nọ́ńbà 21 ń wí lọ́dún yìí? Ìṣirò ni wọ́n ń pè é. Ifá ni èmi ń fi ojú ọmọdé rí i sí.

Wọn kò kàwé kọjá pírámárì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ Plymouth Argyle, wọ́n mọ Partick Thistle, wọ́n mọ Stenhousemuir tí ahọ́n wọn kò lè pè tán. Queen of the South ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ẹgbẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni, ta ló tó na Ọbabìnrin? Ìgbà tí mo dàgbà ni mo kà á pé oríkì ìlú Dumfries ní Scotland ni orúkọ yẹn, kò kan Ọbabìnrin kankan.

Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo etí á wà lẹ́nu rédíò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka èsì lórí BBC ni James Alexander Gordon, tó kà á láti 1974 títí di 2013. Ohùn ni ọkùnrin yìí fi lókìkí. Bí ó bá ti pe orúkọ ẹgbẹ́ kìíní, tí ó sì gbé ohùn bá ti ẹgbẹ́ kejì, o ti mọ ẹni tó borí kí ó tó dá nọ́ńbà. Bí ohùn bá lọ sókè, ẹgbẹ́ kejì ló ni í. Bí ohùn bá wọlẹ̀, wọ́n ti nà wọ́n. Bí ohùn bá dúró lójú kan, ọ̀mì ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di àrà. Ọmọ Yorùbá tó mọ̀ pé ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ kò ní rí àrà níbẹ̀. Ohun tí dùndún ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n púùlù kì í ṣe eré lásán, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ọdún kan wà tí ìyá ìyàwó kan kó owó òwú fún bàbá mi kékeré láti hun aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Bánkà kan dá wọn lójú lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n kó owó òwú lọ sílé púùlù. Nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n mú, mẹ́ta jẹ́ ọ̀mì. Ìkẹrin ni bánkà ọ̀hún, gòólù kan ṣoṣo ló sì bà á jẹ́. Ìyá wa àgbà ló ta ewúrẹ́ méjì kí òwú tó délé, kí ojú má baà ti ẹbí. Aṣọ náà jáde, ìyàwó ró o, ijó sì gbóná. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ìyá wa àgbà bá gbọ́ "Sátidé" lórí rédíò, wọ́n á dìde kúrò níbẹ̀.

ÌDÍJE TÍ ẸNÌ KANKAN KÒ GBÁ

Ìtàn kan wà nínú ayé púùlù tó jọ ti àwọn oníFáńtásì òde òní jù lọ. Ní ìgbà òtútù 1962 wọ 1963, yìnyín bo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀. Pápá di òkúta. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí bọ́ọ̀lù. Kí ni àwọn ilé-iṣẹ́ púùlù yóò ṣe? Wọ́n kó àwọn ènìyàn pàtàkì jọ sí yàrá kan ní London ní ọjọ́ 26 oṣù Jánúárì 1963. Àgbà ọ̀tọ̀kùlú kan, Lord Brabazon, ni alága. Tom Finney, Tommy Lawton, Ted Drake àti George Young, tí gbogbo wọn ti gbá bọ́ọ̀lù rí, wà níbẹ̀. Rẹfirí kan, Arthur Ellis, náà wà níbẹ̀.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ro bọ́ọ̀lù náà lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n kéde pé onílé borí ní ìdíje 23, àlejò borí ní 8, ọ̀mì sì jẹ́ 7. Ẹsẹ̀ kan kò kan bọ́ọ̀lù nínú gbogbo rẹ̀! Síbẹ̀, owó gidi ni wọ́n fi san fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ yìí ti di ara púùlù, àwọn tí ń ta púùlù níbí sì mọ ọ̀rọ̀ náà "pánẹ́ẹ̀lì" bí ẹni mọ owó. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Nígbà tí bọ́ọ̀lù gidi kò sí, bọ́ọ̀lù inú orí ni wọ́n fi rọ́pò.

ILÉ ẸRAN YÍYAN NÍ NEW YORK

Ẹ jẹ́ ká fò sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà báyìí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti tún bọ́ọ̀lù inú orí yìí ṣe, tí ó fi kúrò ní ti ọ̀mì tó di ti ènìyàn.

Ọdún 1980 ni. Àwa náà kò lè gbàgbé ọdún náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Máàṣì, ní Lagos, Nigeria na Algeria ní 3 sí 0, a sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì sáwọ̀n, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Ọmọ ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì, "Mathematical" sì ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń pe Ọdẹ́gbàmí, bí ẹni pé ìṣirò ló ń fi ẹsẹ̀ ṣe. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ní April 1980, àwọn oníròyìn àti òǹkọ̀wé mélòó kan pàdé ní New York láti ra agbábọ́ọ̀lù. Daniel Okrent ló kó wọn jọ. Eré bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ràn, èyí tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ilé oúnjẹ Faransé kan ni wọ́n máa ń pàdé sí, La Rotisserie Française, orúkọ ibẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ eré náà: Rotisserie. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran lọ. Àfi bí ìgbà tí àwọn ọmọ Ṣakí bá dá líìgì sílẹ̀ tí wọ́n pè é ní Líìgì Oníṣúyà!

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí Okrent. Láti 1960 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan, William Gamson, ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni Okrent sì ti gbọ́ ọ. Nínú líìgì Okrent, iye owó kan náà ni gbogbo wọn ní, gbànjo ni wọ́n sì fi ń ra agbábọ́ọ̀lù. Bí o bá ná owó rẹ tán lórí gbajúmọ̀ kan, àwọn aláìlórúkọ ni wàá fi kún ẹgbẹ́ rẹ. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n kọ́ ni ẹni tó mọ gbajúmọ̀. Ẹni tó gbọ́n ni ẹni tó mọ ẹni tí kò tíì gbajúmọ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́.

Kò sí kọ̀ǹpútà nídìí rẹ̀. Ìwé ìròyìn ni wọ́n ń rà, tí wọ́n ń fi bírò ka ohun tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ṣe, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, títí ọdún fi parí. Nígbà tí wọ́n rò ó pọ̀, Peter Gethers àti Glen Waggoner, tí wọ́n jọ ní ẹgbẹ́ kan, ló gba ipò kìíní. Okrent tó bí ọmọ kò rí ọmọ náà gbé jó. Kò gba ife líìgì yẹn rí. Nígbà tó di 1981, àwọn agbá-bésíbọ́ọ̀lù daṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Àwọn oníròyìn tí kò rí ìdíje ròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn eré orí ìwé. Bí ó ṣe tàn kárí Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní 1991, Andrew Wainstein gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì di 2002 Premier League fúnra rẹ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, àwọn tó ń ṣe é káàkiri àgbáyé ju mílíọ̀nù 10 lọ.

ỌDÚN ARÁNṢỌ

Báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ilé ìwòran kan wà ní Ìṣẹ́yìn tí mo máa ń yà sí nígbà tí iṣẹ́ ìròyìn bá gbé mi gba ọ̀nà ibẹ̀. Ní ìdíje ọdún 2017 sí 2018, àwọn 16 dá líìgì Fáńtásì tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n dáwó ife kékeré kan àti páálí mọ́ọ̀tì, wọ́n ní tẹ́tẹ́ kò sí níbẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ọkùnrin. Ẹnì kan ṣoṣo ni obìnrin, aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòran náà.

Mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn orí ìwé ni eré náà ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta péré lo lè mú láti inú ẹgbẹ́ kan. Gòólù tí ọwọ́ iwájú bá jẹ jẹ́ máàkì 4, ti ọwọ́ àárín jẹ́ 5, ti ọwọ́ ẹ̀yìn jẹ́ 6. Ẹni tó bá fún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù tó fi jẹ gòólù gba 3. Ẹni tí o bá fi ṣe kápútéènì, máàkì rẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Àwọn ọkùnrin sáré lọ ra Harry Kane ní mílíọ̀nù 12 ààbọ̀. Aránṣọ ra Mohamed Salah ní mílíọ̀nù 9. Wọ́n fi ṣẹ̀sín. "Ará Egypt tí Chelsea kò rí lò? Ìyáàfin, ẹ lọ rán aṣọ yín jàre!" Òun kò bínú. Ó ṣí ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Ó ti kọ ohun tí Salah ṣe ní Roma síbẹ̀: gòólù 15 nínú líìgì Italy ní ọdún kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó bá wọn ara ènìyàn dáadáa kì í gbé aṣọ tó fún lé e lọ́wọ́."

Kí ni ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Salah jẹ gòólù 32 nínú líìgì ọdún náà, ó kó máàkì 303 nínú Fáńtásì, iye tí ẹnikẹ́ni kò kó rí títí di ìgbà náà. Kí ó tó di Kérésìmesì, gbogbo ilé ìwòran ló ti ra Salah, wọ́n sì san owó tó wọ́n ju ti aránṣọ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ahunṣọ kan ló lé e bá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ 13 oṣù Méè 2018, máàkì 2 péré ni aránṣọ fi ṣáájú.

Àwọn méjèèjì fi Salah ṣe kápútéènì, nítorí náà kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀. Ahunṣọ ní Kelechi Iheanacho wa, tí Manchester City tà fún Leicester ní 2017. Gabriel Jesus tó gba ipò rẹ̀ ní City ni aránṣọ ní. Ẹ wo bí orí ṣe to nǹkan! Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni gbogbo ìdíje bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n ṣe ti ìsinmi dé ní Wembley ni Iheanacho gbá ọ̀kan sáwọ̀n Tottenham. Ariwo ta. Ahunṣọ gba ẹ̀wù bọ́, ó ń sáré yípo àga. Ó ti fi máàkì 2 kọjá. Tottenham ló borí nígbẹ̀yìn ní 5 sí 4, ṣùgbọ́n kí ló kàn án? Iṣẹ́jú 90 pé ní Southampton, City kò tíì jẹ gòólù. Àwọn ènìyàn ti ń ki ahunṣọ kú oríire. Ní iṣẹ́jú kẹrin àfikún ni Jesus yọ bọ́ọ̀lù lórí gólì, ó wọlé! Gòólù kan yẹn sọ City di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó kó máàkì 100 nínú líìgì ọ̀hún. Ní Ìṣẹ́yìn, ó sọ aránṣọ di olúborí. Obìnrin náà jókòó, ó fi aṣọ bojú, ó ń sunkún ayọ̀. Ahunṣọ fúnra rẹ̀ ló gbé ife fún un, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́n jù wá lọ."

TA LÓ Ń KÀ Á FÚN WA?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí mò ń lọ rèé. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìwé bàbá mi kékeré àti ìwé aránṣọ yìí. Bàbá mi kékeré ń ka nọ́ńbà. Nọ́ńbà 12 kò ní ẹsẹ̀, kò ní àyà, kò sì mọ ẹni tó ń ta á. Aránṣọ ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Èkíní ń wá oríire, èkejì ń wá òye. Lóòótọ́, àwọn ilé tẹ́tẹ́ ìgbàlódé tó gbalẹ̀ káàkiri ìlú ń fẹ́ kí ọ̀dọ́ gbàgbé ìyàtọ̀ yìí, kí wọ́n máa rò pé òye kan náà ni. Kì í ṣe òun. Ewúrẹ́ ìyá àgbà tó lọ kò padà wá.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ìwé méjèèjì fi jọra, òun ló sì ń dùn mí. Kúpọ́ọ̀nù tí àwọn bàbá wa ń ta, bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Australia ló wà nínú rẹ̀. Fáńtásì tí àwọn ọmọ ń ṣe, ti Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Ní 1976, Shooting Stars na Tonnerre ti Yaoundé ní 4 sí 1 nílé, wọ́n pàdánù ní 1 sí 0 lọ́hùn-ún, wọ́n sì gba ife àwọn olúborí ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí ẹgbẹ́ Nigeria kankan kò ṣe rí ṣáájú wọn. Ìbàdàn kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn. Síbẹ̀, nínú ìwé bàbá mi kékeré, kò sí orúkọ IICC. Stenhousemuir wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí aránṣọ gba ife, mo bi í pé ta ló jẹ gòólù jù fún Shooting Stars lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ náà ti já sí ìpele ìsàlẹ̀ ní 2017, wọn kò sì tíì gòkè nígbà náà. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń kà á fún wa?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. A máa ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ilé, pé ojú òkun ni wọ́n ń wò. Ṣé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ ni, tàbí a kò fún wọn ní ohun tí wọ́n lè dì mú? Ohun tí a bá ń kà lójoojúmọ́ ni ọkàn ń mọ́. Ẹni tó ń ta iṣu mọ iye iṣu tó wà lórí ebè rẹ̀. Ẹni tí kò ka adìẹ rẹ̀, àṣá á gbé méjì kí ó tó mọ̀. Kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbá bọ́ọ̀lù jù wá nìkan. Wọ́n ń ka ohun tí wọ́n gbá, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi hàn ayé. Òkìkí Salah wá láti inú ìwé tó ń kà á bí ó ṣe wá láti inú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Okrent kò ní kọ̀ǹpútà ní 1980. Bírò àti ìwé ìròyìn ló ní. Bàbá mi kékeré pàápàá ní ìwé ìkọ̀wé, wọ́n sì ní sùúrù láti kọ èsì ìlú tí wọn kò ní dé láéláé sínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Sùúrù yẹn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn, ní Kíṣì àti ní Òkèihò kò lè jókòó lẹ́bàá pápá ìlú wọn pẹ̀lú bírò, kí wọ́n ka ẹni tó jẹ gòólù, ẹni tó fi bọ́ọ̀lù lélẹ̀, ẹni tó dáàbò bo ilé? Ọmọ tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí lè di ẹni tí ayé ń ṣà sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la. Orúkọ "Mathematical" kò wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa la sọ ọ́, nítorí a wo ọmọ náà dáadáa.

Àwọn bàbá wa bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣe Fáńtásì wọn, eré tó dáa ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka bọ́ọ̀lù tiwa bí wọ́n ṣe ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ náà ni aránṣọ yóò dá mi lóhùn láì rẹ́rìn-ín.